Bẹ́líìtì Kẹta àti Kọ́kọ́rọ́ Ọjọ́ Ẹtì

Ọjọ́ Ajé, 11 oṣù kejì, 2019

Ebo Nyankom wá sí ọ́fíìsì ààbò mi láàárọ̀ yìí. Ó ní kí n buwọ́ lu ìwé kí wọ́n lè fún òun ní bàtà iṣẹ́ tuntun. Ẹsẹ̀ òsì nìkan. Mo rò pé ó ń ṣàwàdà. Ó ti kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ Baidoo tó ń ṣọ́ ilé ẹrù, Baidoo sì ti lé e jáde — ó ní láti ọjọ́ tí òun ti ń pín bàtà níbi ìwakùsà yìí, òun kò tíì rí ẹlẹ́sẹ̀ kan tó fi ẹsẹ̀ méjì rìn wá gba bàtà.

Mo bi í pé èyí tó ti wà tẹ́lẹ̀ ńkọ́. Ó ní bẹ́líìtì ló jẹ ẹ́. Mo ní báwo ni bẹ́líìtì ṣe jẹ bàtà tí kò jẹ ẹsẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ń wo ilẹ̀.

Díẹ̀díẹ̀ ló ń sọ ọ́. Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá ni. Òun, Ato Kwofie tó jẹ́ àgbà wọn, àti ẹnì kẹta kan, wọ́n ń kó òkúta tó dà sílẹ̀ lábẹ́ Bẹ́líìtì Kẹta, rọ́bà gígùn tó ń yí, tó ń gbé òkúta lọ síbi tí wọ́n ti ń fọ́ ọ. Wọ́n ti pa iná. Kálukú ti fi àgádágodo tirẹ̀, tí àwòrán ojú rẹ̀ wà lára rẹ̀, ti àpótí iná nílé iná lókè, bí òfin ṣe wí: tí àgádágodo ẹnì kan bá ṣì wà níbẹ̀, iná kò gbọdọ̀ tàn. Ebo ń lọ sìnkú ìyá àgbà rẹ̀ ní Saltpond. Ó fẹ́ tètè bá ọkọ̀, ó wá fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún Ato, bí gbogbo wọn ti máa ń ṣe lọ́jọ́ Ẹtì. Ó lọ. Ó dé ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ, ó ti tú okùn bàtà, ló bá rántí pé fóònù òun wà lórí irin lábẹ́ bẹ́líìtì. Ó padà. Kò sọ fún ẹnì kankan. Ato àti ẹnì kejì ti gòkè lọ sílé iná, wọ́n ti ṣí àgádágodo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Fèrè tó ń kìlọ̀ pé bẹ́líìtì fẹ́ gbéra dún. Ebo ní òun rò pé ti Bẹ́líìtì Kejì ni.

Bẹ́líìtì gbéra, ó sì mú un ní gìgísẹ̀. Ó fa ẹsẹ̀ yọ, bàtà wọlé lọ. Okùn bàtà tí kò so, èyí tí mo máa ń torí rẹ̀ bá wọn jà lójoojúmọ́, òun ló yọ ọmọ yìí.

Ó wọ sílípáàsì lọ sí Saltpond. Ó jó níbi ìsìnkú. Ó padà dé, ó wá gba bàtà.

Kò sí ẹ̀jẹ̀. Ara rẹ̀ kò tiẹ̀ bó. Mo buwọ́ lu ìwé náà. Bàtà méjèèjì ni mo kọ, kí Baidoo lè dákẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12 oṣù kejì

Mo lọ sí Bẹ́líìtì Kẹta. Àtẹ̀gùn ọgọ́rin, mo kà á, orúnkún mi náà kà á. Mo rí awẹ́ bàtà náà lẹ́yìn irin róbótó tó ń yí bẹ́líìtì, ó ti fẹ́lẹ́ bí ìwé. Mo gbé e sínú nílọ́nù. N kò mọ ìdí tí mo fi gbé e.

Ato wá bá mi níbẹ̀. Baba Kọ́kọ́rọ́ — orúkọ tí mo ń pè é nínú ìwé yìí nìyẹn, nítorí kọ́kọ́rọ́ àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ tí kì í tán lápò rẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n la ti jọ wà níbí. Ó ní, "Àǹtí, àwa mẹ́ta la wà. Ẹnì kan ti lọ, ẹnì kan dúró lójú mi, èmi ni ẹnì kẹta. Kí ni mo tún fẹ́ kà?" Ohùn rẹ̀ le.

Ìwé tí wọ́n fi kọ́ wa níṣẹ́ yìí sọ pé ká má wo ojú egbò. Ká wo agbára tó wà níbẹ̀: ohun tó so rọ̀, ohun tó ń yí, iná, ooru, omi tí wọ́n ká mọ́nú páìpù. Tí agbára náà bá tó láti pa ènìyàn, tí kò sì sí nǹkan kan láàárín òun àti ènìyàn, ìpele kìíní ni, èyí tó burú jù, bí ẹni náà tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín bọ̀ wá gba bàtà. Orí ló yọ ọ́, kò sì sí àyè tí wọ́n ń kọ orí sí nínú fọ́ọ̀mù wa. Ààlà tí ìwé náà fi lélẹ̀ kò ju ti àpò sìmẹ́ńtì kan tó já láti ibi tó ga ju orí ènìyàn lọ díẹ̀. Bẹ́líìtì Kẹta ń gbé òkúta àádọ́ta tọ́ọ̀nù lẹ́ẹ̀kan. Mo ṣe ìṣirò náà lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni pé ó lè yí padà.

Kí ló wà láàárín Ebo àti bẹ́líìtì? Àgádágodo. Ta ló ṣí i? Ato. Ta ló fún Ato láṣẹ láti máa ṣí àgádágodo ẹlòmíràn?

Mo mọ ibi tí ìwé àṣẹ náà wà. Ó wà lára ògiri yàrá ìṣàkóso láti ọdún 2008, wọ́n fi nílọ́nù bò ó, ó ti pọ́n. Ìbuwọ́lùwé tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, tèmi ni.

Tí mo bá kọ ìpele kìíní, àwọn ọ̀gá wa ní Accra á wá wádìí, ìbéèrè kan náà ni wọ́n á sì béèrè. Èmi, ọ̀gá ààbò, tó ku oṣù mẹ́fà kí n fẹ̀yìntì. Tí mo bá kọ ìpele kẹrin, ohun èlò ló bàjẹ́, bàtà ni, ó parí síbẹ̀. Èmi nìkan ni mo ń pinnu rẹ̀.

Ọjọ́rú, 13 oṣù kejì

N kò kọ nǹkan kan. Orúnkún.

Ọjọ́bọ̀, 14 oṣù kejì

Alápátákó ránṣẹ́ pè mí. Ọ̀gbẹ́ni Fynn, ọ̀gá ilé ìfọ́kùúta wa. Pátákó ńlá kan wà lẹ́nu ọ̀nà, nọ́ńbà ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò fara pa ni wọ́n ń kọ síbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ń pa nọ́ńbà àná rẹ́ láràárọ̀, kò jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án. Lónìí ó kọ 287. Tó bá pé 300, gbogbo wa máa gba aṣọ àti àpò ìrẹsì láti Accra.

Ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ bàtà. Ó fún mi ní tíì, ó gbé ṣúgà sún mọ́ mi, ó sì mọ̀ pé n kì í mu ṣúgà mọ́. Ó ní, "Mààmá Araba, bàtà kan ni. Ṣé bàtà náà lẹ́bí ni, tí wọ́n máa wá bèèrè rẹ̀?" Mo rẹ́rìn-ín. Ó dùn mí pé mo rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n kọ ọ́ sí ìpele kẹrin, kí àwọn ènìyàn gba aṣọ wọn, pé wọ́n ti ṣe wàhálà. Mo ní mo ṣì ń wádìí. Ó ní kí n má wádìí kọjá oṣù kẹjọ o. Oṣù kẹjọ ni mo ń fẹ̀yìntì.

Ó rẹ̀ mí gan-an.

Ọjọ́ Ẹtì, 15 oṣù kejì

Wọ́n ń lọ síbi òkú. Ọjọ́ Ẹtì la wà, kò sí bí kò ṣe rí bẹ́ẹ̀: ẹni tí kò ní òkú tirẹ̀ lọ bá òkú àna, ẹni tí kò ní ti àna lọ bá ti ọmọ ìjọ. Láti aago mọ́kànlá ni aṣọ dúdú àti pupa ti ń yọ lábẹ́ aṣọ iṣẹ́. Mo dúró nídìí fèrèsé, mo ń wo Ato. Ẹni mẹ́rin ló fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún un. Ó gbà á lọ́kọ̀ọ̀kan, ó jù ú sápò, ó ní kí wọ́n bá òun kí ẹbí.

Mo lè sọ̀ kalẹ̀ lọ dá wọn dúró. N kò lọ. Mo dúró síbẹ̀ títí bẹ́líìtì fi gbéra, mo sì ń fetí sílẹ̀ bóyá ẹnì kan á pariwo.

Ọjọ́ Àìkú, 17 oṣù kejì

Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì mo wá ìwé ọdún 2008 jáde. Gbogbo ìwé ìrántí mi wà nínú àpótí lábẹ́ ibùsùn, ikán ti jẹ ti 2003 àti 2004, ó fi 2008 sílẹ̀.

Ó wà níbẹ̀, pẹ̀lú kálámù aláwọ̀ ewé tí mo ń lò nígbà náà. Bàbá Ato kú ní Shama. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ìsìnkú, aago méjìlá. Wọ́n pe Ato sí iṣẹ́ pàjáwìrì láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó ní òun á ṣe é dé aago mẹ́wàá. Aago mẹ́wàá lù, ó gòkè lọ sílé iná láti lọ yọ àgádágodo rẹ̀. Ẹnì kan kì í dá yọ ọ́. Oníná gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ kó sì buwọ́ lùwé. Oníná kò sí. Ọ̀gá ìgbà náà ní oníná ń tún ohun tó ṣe pàtàkì ṣe lọ́wọ́. Ato jókòó nídìí àpótí iná fún wákàtí méjì, nínú aṣọ dúdú. Nígbà tó dé Shama, wọ́n ti bo ilẹ̀.

Ó padà wá ní ọjọ́ Ajé, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Èmi ni igbákejì ọ̀gá ààbò nígbà náà. N kò lè fara dà á. Mo jókòó, mo kọ ọ́: ẹni tó bá ń lọ síbi ìsìnkú lè fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún àgbà ẹgbẹ́ rẹ̀, kí ó máa lọ. Mo lẹ ẹ̀dà kan mọ́ ojú ewé ìwé ìrántí náà, inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀. Mo kọ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Lónìí mo ṣe iṣẹ́ rere kan."

Ìsìnkú nìkan ni mo ní lọ́kàn. Lẹ́yìn náà ó di ìsọmọlórúkọ. Ó di báǹkì. Ó di kẹ́ńkẹ́ gbígbóná tí wọ́n fẹ́ lọ rà jẹ. Mo rí i, mo sì dákẹ́, nítorí pé àánú ló bí i, ènìyàn kì í sì í fẹ́ bá àánú ara rẹ̀ wí.

Ọjọ́ Ajé, 18 oṣù kejì

Ọ̀bẹ gé Àǹtí Aba ní ìka nílé ìdáná, iṣu ló ń bẹ fún oúnjẹ ọ̀sán. Abẹ́rẹ́ mẹ́ta ni wọ́n fi rán an. Wọ́n ka abẹ́rẹ́ sí ìfarapa, bẹ́ẹ̀ ni òfin pátákó wí. 291 di òdo kí n tó mu tíì tán.

Wọn kò ṣàánú rẹ̀. Obìnrin náà di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń pín iṣu, àwọn ọkùnrin sì ń bú u lórí ìlà: "Àǹtí Aba, ṣé iṣu lẹ̀ ń bẹ ni àbí ìrẹsì wa?" Ẹnì kan ní kó kúkú gé e tán pátá kí ìrẹsì tó lọ lè ní ìdí. Ó ń sunkún, ó sì ń bu ọbẹ̀.

Ebo Nyankom wà lórí ìlà náà, nínú bàtà tuntun. Òun náà ń rẹ́rìn-ín sí i. Bẹ́líìtì tó fẹ́ gbé e lọ lódindi kò yí nọ́ńbà kan padà lórí pátákó yẹn. Ọ̀bẹ iṣu sọ ọ́ di òdo. N kò lè jẹ oúnjẹ mi tán.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 19 oṣù kejì

Mo kọ ọ́. Ìpele kìíní. Agbára: ohun tó ń yí, ó kọjá ààlà. Ààbò tó wà láàárín: kò sí. Ìdí: àṣà fífi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, èyí tí Araba Essilfie fọwọ́ sí ní ọdún 2008.

Orúkọ ara mi ṣòroó kọ. Mo fi ránṣẹ́ sí Ọ̀gbẹ́ni Fynn ní aago mẹ́rin, kó lè ti ọwọ́ rẹ̀ dé Accra.

Ọjọ́bọ̀, 21 oṣù kejì

Ebo wá. Kò jókòó. Ó ní òun gbọ́ pé mo kọ ọ́ pé òun fẹ́ kú. Mo ní bẹ́ẹ̀ kọ́, mo kọ ọ́ pé bẹ́líìtì fẹ́ pa á. Ó ní kí ni ìyàtọ̀ ibẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ wà nínú oyún oṣù keje. Tó bá gbọ́, á ní kó fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀, kó padà sí Saltpond lọ bá bàbá òun pẹja. "Mààmá, mo wà láàyè. Mo jẹun láàárọ̀ yìí. Kí ló tún kù tẹ́ ẹ fẹ́ kọ?"

Mo ní kó máa so okùn bàtà rẹ̀, mo sì rántí lójú ẹsẹ̀ pé kò yẹ kí n sọ èyí fún òun.

Ọjọ́ Ajé, 25 oṣù kejì

Fynn dá ìròyìn mi padà. Ó ní kò sọ́nà tí òun fi lè sọ ìpele kìíní di kẹrin mọ́, torí pé mo ti buwọ́ lù ú. Ṣùgbọ́n ó ti tún àyè tí wọ́n ń kọ ìdí sí kọ. Orúkọ mi kò sí níbẹ̀ mọ́. Ohun tó wà níbẹ̀: àìbìkítà Ato Kwofie, tó ṣí àgádágodo tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ó ní kí n má ṣe dúpẹ́. Ó ní ó ku oṣù mélòó kan, kí n lọ sinmi pẹ̀lú orúkọ rere, pé òun ń ro tèmi. Ojú rẹ̀ tiẹ̀ jọ ojú ẹni tó ń ro tèmi lóòótọ́.

Mo lọ sí yàrá ìṣàkóso. Wọ́n ti yọ ìwé náà lára ògiri. Ó ku ojú funfun kan níbi tó wà tẹ́lẹ̀, àti sẹ́lótéèpù.

Wọ́n ti ní kí Ato lọ jókòó sílé títí ìgbìmọ̀ á fi jókòó. Ọjọ́ keje oṣù tó ń bọ̀. Àwọn ènìyàn ní wọ́n máa lé e.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 26 oṣù kejì

Mo lọ sílé Ato lẹ́yìn iṣẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ní ó ń sùn. Aṣọ ìkélé wọn kò gùn dé ilẹ̀. Mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ó dúró, ó ń gbọ́ wa. Mo sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa ojú ọjọ́, fún ẹsẹ̀ náà, mo sì lọ sílé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 2 oṣù kẹta

Fọ aṣọ. Se ọbẹ̀. Ka ìwé 2008 lẹ́ẹ̀kan sí i. Gbé e padà sínú àpótí.

Gbé e jáde.

Ọjọ́rú, 6 oṣù kẹta

Ọjọ́ òmìnira. Àwọn ọmọ iléèwé ń yan lójú títì nínú oòrùn. N kò jáde. Ọ̀la ni.

Ọjọ́bọ̀, 7 oṣù kẹta

Mo fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe rí, kí n má baà yí i padà nínú orí mi tó bá dọ̀la.

Àwọn mẹ́ta wá láti Accra. Màdáámù Hagan ló ṣe alága, obìnrin kúkúrú, ohùn jẹ́jẹ́, kò mu omi tí wọ́n gbé fún un. Fynn jókòó lápá ọ̀tún. Ato wọ ẹ̀wù tó ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Kò wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ mi.

Wọ́n bi í ta ló ní kó máa gba kọ́kọ́rọ́. Mo ti ń mí ìmí mi sínú láti dáhùn. Ó ní, "Èmi ni. Èmi ni mo dá a sílẹ̀ láàárín ara wa. Kò sẹ́ni tó rán mi." Màdáámù Hagan ní ṣé kò sí ìwé kankan. Ó ní kò sí. Ó ń wo ojú ògiri, ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó ti fi ọ̀sẹ̀ kan kọ́ ọ sórí. Fynn ń kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀, ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Ato ni wọ́n fẹ́ lé, èmi ló sì ń bò. Ọmọ mẹ́rin ló bí. Inú bí mi sí i débi pé orúnkún kò dùn mí nígbà tí mo dìde. Mo ní irọ́ ló ń pa. Mo ṣí ìwé ìrántí mi ti ọdún 2008 síwájú Màdáámù Hagan, ibi tí mo lẹ ẹ̀dà náà mọ́. Ó kà á. Ó ka ohun tí mo kọ sábẹ́ rẹ̀ náà, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ rere yẹn, ó kà á sókè. Ojú tì mí ju bí ojú ti ń ti ènìyàn lọ.

Ó bi mí pé kí ló dé tí mo fi kọ ọ́. Mo sọ ti Shama fún wọn. Kò pẹ́ rárá láti sọ. Ato bo ojú rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ó ní, "Àǹtí, ta ló ní kẹ́ ẹ sọ ọ́?"

Màdáámù Hagan ní kí n fi ìwé náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ òun. Ìwé ọdún kan gbáko, ó ti lọ sí Accra, àti ọ̀rọ̀ orí tó ń fọ́ mi, àti àwọn ọ̀rọ̀ tí mo kọ nípa ọkọ mi kó tó kú. N kò tètè ronú kan ìyẹn.

Ọjọ́ Ajé, 11 oṣù kẹta

Èsì dé. Wọn kò lé Ato, ṣùgbọ́n kì í ṣe àgbà ẹgbẹ́ mọ́. Fynn gba ìwé ìkìlọ̀ nítorí ìròyìn tó tún kọ. Èmi kì í ṣe ọ̀gá ààbò mọ́ láti òní; ẹnu ọ̀nà ni mo máa wà títí oṣù kẹjọ, kí n máa pín akoto fún àlejò, kí n sì máa gbà á padà. Òfin tuntun: kò sí ẹni tó gbọdọ̀ ṣí àgádágodo ẹlòmíràn, ìbáà jẹ́ òkú ta ló ń lọ sin.

Ato kọjá lẹ́nu ọ̀nà lẹ́ẹ̀mẹrin lónìí. Kò kí mi.

Ọjọ́bọ̀, 14 oṣù kẹta

Akoto mọ́kànlá jáde, akoto mọ́kànlá wọlé. Kò kí mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 15 oṣù kẹta

Ẹ̀gbọ́n bàbá ìyàwó Ebo kú. Ebo gba ẹnu ọ̀nà kọjá ní aago méjìlá, ó ń sáré. Ní aago méjìlá kọjá ogún ìṣẹ́jú, Bẹ́líìtì Kẹta kò gbéra. Ó yẹ kó ti gbéra. Etí mi ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n.

Àgádágodo Ebo ṣì wà lára àpótí iná, òun sì ti mú kọ́kọ́rọ́ lọ. Ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ ọn lára láti gbé e fún ẹnì kan; kò rí ẹni gbé e fún, ó jù ú sápò, ó sì gbàgbé. Wọ́n pè é lórí fóònù. Ó ti dé Takoradi, ó ti sanwó ọkọ̀ Saltpond. Ó ní òun ń padà bọ̀.

Ní aago kan kọjá, Fynn wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà. Fúnra rẹ̀, nínú oòrùn, láìdé akoto. Òkúta ti kún ẹ̀yìn bẹ́líìtì, Accra ti pè é lẹ́ẹ̀mejì. Ó kọ́kọ́ bèèrè orúnkún mi. Lẹ́yìn náà ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní ìwé ọdún 2008 yẹn, ṣé n kò ní ẹ̀dà rẹ̀ mìíràn níbì kan, pé bóyá a lè wo bí wọ́n ṣe kọ ọ́, ká kọ nǹkan tó jọ ọ́, fún irú ọjọ́ báyìí nìkan.

Mo wò ó. Mo ní ọwọ́ Màdáámù Hagan ló wà, kó pè é. Ó ní òun máa ní kí wọ́n gé àgádágodo náà. Ó lọ wá ẹni tó ń gé irin.

Mo fi akoto sílẹ̀ fún ẹni tó ń ṣí géètì, mo sì gòkè lọ sílé iná, àtẹ̀gùn ọgọ́rin àti gbogbo òkè tó tẹ̀ lé e. Ato ti wà níbẹ̀. Ó dorí korobá dé, ó jókòó lé e, ó sì fẹ̀yìn ti àpótí iná. Ẹni tó fẹ́ gé e dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú ohun ìgérin, kò mọ ibi tí yóò gbà. Fynn ní ṣé Ato kò gbọ́ ohun tí Accra sọ ni, kó má fọwọ́ kan ti ẹlòmíràn mọ́. Ato ní, "Ọ̀gá, mi ò fọwọ́ kàn án. Ẹ̀yìn mi ló kàn án. Ẹni tó ni ín ń bọ̀." Oníná rẹ́rìn-ín, ó yára pa á mọ́. Fynn dúró títí, ó wo aago, ó sọ̀kalẹ̀ lọ láti lọ dáhùn fóònù.

Pákó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ korobá náà. Ato fi ọwọ́ nu ún. Ó ní, "Ẹ káàsán, Àǹtí. Ẹ jókòó, orúnkún yín." Mo jókòó. Ó ní ẹ̀pà lápò, ó bù fún mi.

Ebo kò tètè rí ọkọ̀ padà, aago mẹ́rin ló dé, nínú aṣọ dúdú, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bú u. Ó wo ìsàlẹ̀ dáadáa, ó bi oníná pé ṣé kò sẹ́ni lábẹ́ bẹ́líìtì, wọ́n lọ wò ó, wọ́n padà wá. Ó ṣí àgádágodo rẹ̀ fúnra rẹ̀. Oníná buwọ́ lùwé. Fèrè dún, bẹ́líìtì gbéra, ọmọ náà sì tún sáré lọ bá ọkọ̀. Ọ̀la ni wọ́n ń sin òkú wọn, á bá a.

Ato dúró, ó ń gbọn eruku kúrò nídìí ṣòkòtò. Ó ní kì í ṣe àgádágodo ló dá òun dúró lọ́dún yẹn. Ó ní òun ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, pé òun kò fẹ́ sọ ọ́ fún mi ni, nítorí pé mo ti ṣe oore. Pé gbogbo ohun tí òun fẹ́ ni kí ẹnì kan pe oníná wá.

N kò lè pe oníná lọ́dún náà. Ẹnu mi kò tó o. Ohun tí ọwọ́ mi tó ni mo yí padà. Mo sunkún níbẹ̀, lójú oníná, kò sì sí nǹkan tí mo lè fi bò ó.

Wákàtí méjì ni Ato fi dúró de ibi iṣẹ́ yìí nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, wọn kò yọjú sí i. Lónìí, ibi iṣẹ́ yìí dúró de Ebo fún wákàtí mẹ́ta àti ogójì ìṣẹ́jú. Kò sí ohun tó bàjẹ́.